Mo Gbé Ẹrẹ̀ Èkó Lọ Gba Orúkọ ní Pólàńdì

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo lọ ṣe ní Pólàńdì fún odidi oṣù mẹ́ta. Mo ní iṣẹ́ ni. Ẹ ní irú iṣẹ́ wo. Mo ní mo lọ wo nǹkan kan tó ń gbé inú omi Èkó. Ẹ wá ní, "Ṣé omi Èkó ti ṣàn dé Pólàńdì ni?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. N ó dáhùn rẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má baà máa tún un sọ lójúlé dé ojúlé káàkiri Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Ohun tó wà nínú ìgò

Rísíkátù ni orúkọ mi. Mushin ni wọ́n bí mi sí, Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé òrùlé ibẹ̀ ń jò. Dókítà ni ìyá mi ń pè mí. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n á ní kó jókòó dè mí. Èmi kì í ṣe dókítà ẹsẹ̀. Dáyátọ́ọ̀mù ni mo mọ̀.

Dáyátọ́ọ̀mù jẹ́ ewéko inú omi tó kéré débi pé bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sórí èékánná yín, ẹ ó rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ló ń kọ́ ilé fún ara rẹ̀, gíláàsì ló sì fi ń kọ́ ọ: abala méjì tó dé ara wọn bí ìdérí páálí bàtà. Ilà wà lára ilé yẹn, ihò tín-tìn-tín sì wà nínú ilà. Bí àwọn baba wa ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ ẹni tí èèyàn ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń mọ ìdílé dáyátọ́ọ̀mù.

Bàbá Hùnsù, apẹja Ègùn kan ní Makoko, ló máa ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ síbi tí ọ̀sà ti ń bọ́ sínú òkun, kí n lè bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Á wo ìgò mi, á ní, "Àǹtí, ẹja wà níbí o." N ó ní ẹja kọ́ ni mò ń wá. Á ní, "Edé ńkọ́?"

Inú ọ̀kan nínú àwọn ẹrẹ̀ náà ni mo ti rí dáyátọ́ọ̀mù kan tí ilà rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Mo wá a nínú ìwé fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní, "Madam, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni, ó kàn fọ́ lẹ́nu ni. Bí ẹ bá tún wá a tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá bá wa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní." Mo kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo irú nǹkan yìí, ní ìlú kan létí òkun ní àríwá Pólàńdì. Gbólóhùn kan ló fi fèsì: "Gbé e wá kí n rí i."

Ẹnubodè

Ọtí la fi ń tọ́jú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Bí èmi ọmọ Alhaja, pẹ̀lú hìjáábù lórí mi, ṣe gbé ìgò ọtí wọ Yúróòpù nìyẹn. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò gbé ìgò náà sókè sí iná.

"Kí lèyí?"

"Ẹrẹ̀ ni, sà."

"Ẹrẹ̀ ibo?"

"Ẹrẹ̀ Èkó."

Ó wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo ẹrẹ̀. "Ẹrẹ̀ wà ní Pólàńdì."

Mo ní mo gbọ́ bẹ́ẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi tiyín ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gbé ìgò sókè, ó wò ó títí. "Mi ò rí ẹnì kankan níbí."

"Èmi náà ò rí i, sà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Wọ́n ka lẹ́tà tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ sí mi, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Nígbà tó yá, ọ̀gá náà lu òǹtẹ̀ sínú ìwé mi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà fún mi, bí agbẹ̀bí ṣe ń gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé wọn kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọn ò mọ̀, pé kì í ṣe ìbínú.

Orúnkún

Halina ni orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Obìnrin arúgbó ni, irun orí rẹ̀ funfun gbòò, ó sì ga ju ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ díẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀ láti kí i. Òun náà sì kúnlẹ̀ kíá.

"Kí ló jábọ́?" ló bi mí.

Mo ní kò sí nǹkan tó jábọ́, mà. Ó ní kí n má tijú, pé yẹtí òun náà ti bọ́ síbẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá abẹ́ tábìlì kiri. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ yọjú, ó rí wa nílẹ̀, òun náà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bá wa kúnlẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀ kí n tó ráyè ṣàlàyé pé ìkíni ni, pé bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn.

Halina ronú díẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. "Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà."

"Orúnkún mi ò ní lè gbà á."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó máa kúnlẹ̀, mà. Èmi ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì ní kí n fa òun dìde.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló kọ́kọ́ sọ mí di àlejò níbẹ̀. Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn tí yàrá iṣẹ́ wa wà, àwọn èèyàn máa ń kọjá lára ara wọn bí omi àti òróró. Mi ò lè ṣe é. Mo ń kí gbogbo wọn láàárọ̀, mo ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, bóyá àwọn ará ilé wà ní àlàáfíà. Ọkùnrin kan dúró, ó ṣàlàyé fún mi pé òun ò sùn dáadáa, ẹ̀yìn ń dun òun, ìyàwó òun sì ti lọ. Mo bá a kẹ́dùn títí tí tíì mi fi tutù. Ọkùnrin mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ní oṣù kejì, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi kí n tó kí i. Ọjọ́ náà dùn mọ́ mi ju ọjọ́ tí mo gba físà lọ.

Ohùn ẹranko

Ní ilé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀, obìnrin tó ń bu oúnjẹ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò sì gbọ́ tiwọn. Mo na ọwọ́ sí ẹran kan. Ó wo hìjáábù mi, ó mi orí, ó sì ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ó ké e dáadáa. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi yọ ọrùn wò wá. Mo na ọwọ́ sí òmíràn, ó tún ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbà tí mo dé ìkòkò kẹrin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ké bí adìẹ. Mo ní kó bù ú.

Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta nìyẹn. Bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á ti pinnu ẹranko tí mo máa jẹ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ á kàn fi ọwọ́ ṣe bí ẹja, nítorí pé ẹja kì í ké.

Ọbẹ̀ wọn kan pupa ju tiwa lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, mo ní Ọlọ́run ò gbàgbé mi. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ó dùn bí ṣúgà, ó kan bí ọtí kíkan, kò sí ata kan nínú rẹ̀. Gbòǹgbò pupa kan ni wọ́n fi ń sè é. Mo jẹ ẹ́ tán nítorí pé obìnrin náà dúró, ó ń wo ojú mi.

Òtútù? Ẹ ti gbọ́ nípa òtútù. Mi ò ní sọ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ìyá àgbà kan wá síwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ó bá mi wí títí, ó tú síkáàfù ọrùn ara rẹ̀, ó wé e mọ́ mi lọ́rùn, ó so ó le, ó tún bá mi wí díẹ̀ sí i, ó sì wọ ọkọ̀ tirẹ̀ lọ. Mo ṣì ní síkáàfù náà. Irú ìbáwí yẹn, bí mo bá di ojú, Mushin ni mo wà.

Góòlù

Kí a tó lè rí ilà dáyátọ́ọ̀mù dáadáa, a ní láti sè é nínú ásíìdì, kí ara onílé lè kúrò, kó ku ilé gíláàsì nìkan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó níbẹ̀ tóbi tó fìríìjì méjì, kò sì lè rí nǹkan náà àfi tí wọ́n bá fi góòlù bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Mo sọ èyí fún ìyá mi lórí fóònù.

"Góòlù? Góòlù gidi?"

"Góòlù gidi ni, mà."

"Ẹ ń fi góòlù bo ẹrẹ̀ ọ̀sà?"

"Díẹ̀ ni, mà. Ojú ò lè rí i."

Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ kúrò o."

Nígbà tí àwòrán náà jáde sójú ẹ̀rọ, mo fa àga mi súnmọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wò ó bí èéfín ní Yaba. Ó wá jókòó síwájú mi bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, ó ṣe ṣóńṣó ní ẹnu méjèèjì, ilà rẹ̀ tò gbọọrọ láti àárín dé etí, ihò rẹ̀ dọ́gba bí ẹni fi abẹ́rẹ́ lu aṣọ. Ní ẹnu kan ṣoṣo, ilà náà dáwọ́ dúró, ó fi àyè kan sílẹ̀ tó mọ́ lóló, tó rí bí oṣù tuntun lójú sánmà.

Halina súnmọ́ ojú ẹ̀rọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Mo ti rí èyí rí," ló wí.

Àpótí Bàbá Ludwik

Ó mú ìwé àtijọ́ kan jáde. Ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ló ya àwòrán dáyátọ́ọ̀mù kan tí wọ́n rí ní etíkun Àńgólà sínú rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré, ẹnu tó ṣe ṣóńṣó, ilà gbọọrọ. Tèmi ni. Kò ya oṣù tuntun yẹn, ṣùgbọ́n Halina ní ojú àwọn ará àtijọ́ kò tó ibẹ̀, pé maikirosíkóòpù wọn kò lágbára. Bí ó bá jẹ́ òun ni, a jẹ́ pé ó ti lórúkọ kí wọ́n tó bí ìyá mi, èmi á sì lọ kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, obìnrin ilé oúnjẹ ké bí adìẹ, ó ké bí màlúù. Mo kọjá, mo lọ jókòó lọ́wọ́ òfo. Ó wá láti ẹ̀yìn ìkòkò rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì síwájú mi, ó padà láìké bí nǹkan kan.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Gíláàsì gan-an tí ọkùnrin yẹn lẹ dáyátọ́ọ̀mù Àńgólà mọ́ ṣì wà nínú ìlú náà, nínú yàrá abẹ́ ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tó ń jẹ́ Ludwik ló ń ṣọ́ ọ. Halina ní kí n mú sùúrù lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìmọ̀ràn lásán ni.

"Ẹ ti fọ ọwọ́?" ni Bàbá Ludwik bi mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo fọ̀ ọ́. Ó ní kí n jókòó, ó gbé tíì wá nínú kọ́ọ̀bù. A mu tíì. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, mo fọ ọwọ́, a mu tíì. Ó bi mí bóyá òtútù máa ń mú ní Èkó. Mo ní rárá.

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀ pé ọdún ti ń lọ?"

"Òjò ló ń sọ fún wa, sà. Omi á wọlé."

"Wọ inú ilé?"

"A máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù."

Ó mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọjọ́ kẹta ló yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ṣí dúróà onígi kan, ó gbé gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú mi, wọ́n fi yíǹkì kọ nǹkan sí i lára ní ọwọ́ wẹ́wẹ́. Mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù.

Mo rí ọmọ Àńgólà. Ilà rẹ̀ pé ní ẹnu méjèèjì. Mo ní bóyá ọ̀kan yìí nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Mo wá òmíràn, òun náà pé. Mo wo gbogbo èyí tó wà lórí gíláàsì náà, ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Kò sí ọ̀kan tó ní oṣù tuntun. Mo padà sí tèmi, mo wo gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan tí kò ní in. Ilà àwọn ti Àńgólà tún tẹ̀ díẹ̀, bí kóoko tí atẹ́gùn ń fẹ́. Tèmi dúró ṣánṣán. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà.

"Òun ni?" Bàbá Ludwik béèrè.

"Òun kọ́, sà."

Mo sunkún. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ sunkún. Bàbá Ludwik rọra gbé gíláàsì náà kúrò níwájú mi kí omijé má baà kán sí i, ó tì í mọ́ dúróà, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì lọ gbé omi tíì kaná.

Lagos méjì

Halina wo iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń wá ibi tí mo ti ṣìṣe. Kò rí i. Inú rẹ̀ kò dùn, inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó ní, "Ó yá, sọ ọ́ lórúkọ."

Orúkọ ìdílé ti wà tẹ́lẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ la ń wá. Ó ní kí a fi Nàìjíríà sọ ọ́. Mo ní Nàìjíríà tóbi jù, pé ará Sókótó kan lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní kí a fi Lagos sọ ọ́ nígbà náà. Ó ronú, ó ní rárá, Lagos kan wà ní Potogí, létí òkun náà, àwọn èèyàn á lọ máa wá a níbẹ̀.

"Kí lẹ̀yin fúnra yín ń pe ìlú yín?"

"Èkó, mà."

"Ṣé Èkó míì wà níbòmíràn?"

"Kò sí, mà. Ọ̀kan yìí gan-an ti pọ̀ jù."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìrù Látìn lẹ́yìn rẹ̀: *ekoensis*. Ó pè é sókè, ó pè é dáadáa.

Iná

Òfin iṣẹ́ wa ni pé bí o bá sọ nǹkan lórúkọ, o gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan pàtó pamọ́ síbì kan títí ayé, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń jiyàn lè wá wò ó, bí èmi náà ṣe lọ wo ti Àńgólà. Halina ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀dọ̀ Bàbá Ludwik ni yóò wà. Kò bi mí.

Mo wò ó. Mo mọ̀ pé láìsí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ náà, àwọn olóòtú ò ní kà á dé ojú ìwé kejì. Mo kúnlẹ̀. Ó ti mọ̀ pé kò sí nǹkan tó jábọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Yaba ni mo fẹ́ kó wà."

"Rísíkátù, o sọ fún mi fúnra rẹ pé iná kì í dúró lọ́dọ̀ yín."

"Gíláàsì ni, mà. Kì í lo iná."

Ó na ìka sókè.

"O ní òrùlé yín ń jò."

"Inú omi ló ti wá, mà."

Ó kó ìwé náà sábẹ́ apá, ó lọ sílé. Mo rò pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ìwé náà fún mi. Ó ti fa ìlà sí ibì kan, ó ti kọ Yaba sí i. Ọ̀kan tó jọ ọ́ ni yóò wà lọ́dọ̀ Bàbá Ludwik, fún àlejò. Ó ní, "Àpótí tó lè tì ni kó o wá o." Mo ṣèlérí.

Ilé

Mo fi àwòrán rẹ̀ han ìyá mi ní Mushin. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e súnmọ́. "Òòyà nìyí," ni wọ́n wí. "Òòyà lo lọ wò nílùú òtútù?" Síbẹ̀ wọ́n ti gbé e kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Káábà. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ka iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé tuntun ni.

Ó ku kí n fi gíláàsì náà pamọ́. Àpótí kan ṣoṣo tó lè tì nílé-ẹ̀kọ́ wa wà lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Akínlàjà, tó ń tọ́jú ẹrù. Kò sí nǹkan tó ń wọ ibẹ̀ tí kì í kọ sínú ìwé ńlá rẹ̀. Ó gba gíláàsì náà, ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó mú bírò, ó kọ ọ́: *Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan. Òfo.*

"Kì í ṣe òfo, sà," ni mo wí.

"Dókítà, mo ní ojú."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé mi dé yàrá iṣẹ́. Ó dá gíláàsì náà padà fún mi, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí rẹ̀ kó tó wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì náà wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, kò rí bí èéfín mọ́ nítorí pé a ti sè é mọ́, mo ní kó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé ẹ̀yìn ti há a.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, sà. Ilé rẹ̀ ni."

"Onílé dà?"

"Ó ti kú, sà. Ilé ló kù."

"Inú ọ̀sà tó wà lábẹ́ afárá yìí?"

"Inú rẹ̀ gan-an, sà."

Kò gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ó nàró, mo yọ gíláàsì náà fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì padà sídìí ìwé ńlá rẹ̀. Ó fi rúlà fa ìlà sórí *Òfo*. Ó ronú. Ó wá kọ ọ́, ní lẹ́tà gbàǹgbà: *Ilé kan. Onílé jẹ́ ọmọ Èkó.*

Ó ní kí n fọwọ́ sí i.